Má Fi Ọ̀rọ̀ Sìgá Kí Aláìsàn

Ayétòrò,
lọ́sàn-án Ọjọ́rú.

Kúdírátù ọmọ mi,

O ní kí n pè ọ́ padà lánàá, n kò pè. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù tó ń já, ohùn tèmi náà kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo, o mọ̀ mí. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo kó aṣọ àwọn oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ti ń kọ ọ́. Awakọ̀ tó ń ná Abẹ́òkúta ni yóò mú un wá bá ọ. Jókòó kí o tó kà á. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pa mọ́. Àmọ́ ìbínú ìyá sí ọmọ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ìbínú ìyàwó bàbá ni, má dá a lóhùn.

Mo mọ̀ pé ọdún tí mo fi jù ọ́ lọ kò tó nǹkan. Nígbà tí bàbá rẹ gbé mi níyàwó láti Ìlóbí, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ, kò sì tíì pẹ́ tí èmi náà bọ́ tèmi. Àǹtí lo ń pè mí nígbà náà. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ pè mí ní Ìyá Kékeré, ìdí ààrò ni mo wà, mo ṣe bí ẹni tí èéfín kó sí lójú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ẹjọ́ rẹ di tèmi, níwájú Ọlọ́run àti níwájú ìyá tó bí ọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí Alùjánà. Ìdí nìyẹn tí mo fi lẹ́nu láti bá ọ wí.

Nígbà tí o rí iṣẹ́ tuntun yìí, ta ni inú rẹ̀ dùn tó tèmi? Àjọ tó ń dúró ti àwọn tí jẹjẹrẹ mú ní ẹ̀dọ̀fóró, tó ń bá ẹni tí kò ní san owó àyẹ̀wò, tó sì ń lọ bá àwọn ìjọba pé kí wọ́n náwó sí ìwádìí àìsàn náà. Mo mọ̀ pé ikú bàbá rẹ ló gbé ọ débẹ̀. Mo ṣàdúrà fún ọ, mo sọ fún gbogbo oníbàárà tó wá wọn aṣọ lọ́sẹ̀ náà, kódà mo sọ fún àwọn tí n kò fẹ́ràn.

Lẹ́yìn náà lo pe Bàbá Làmídì.

Ìwọ kò rí ojú wọn, èmi rí i. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi níbí ni wọ́n jókòó sí, wọ́n wá gba sòkòtò wọn. Nígbà tí fóònù dún, wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta, torí etí wọn kan tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa. Ohun tí ìwọ sọ nìyí, mo gbọ́ ọ ketekete: "Ẹ káàsán, Bàbá Kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún mi, ṣé ẹ máa ń mu sìgá?"

Bàbá Làmídì wo fóònù náà bí ẹni pé ajá ilé ẹni ló gé ni jẹ. Wọ́n ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

O ní, "Èmi Kúdí ni."

"Kúdí wo?"

"Kúdí yín."

"Kúdí tèmi máa ń kọ́kọ́ bi mí pé báwo ni mo ṣe jí." Wọ́n sì ní kí n bá àwọn pa á. Ìwọ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò já, ọmọ mi. Àbúrò bàbá rẹ ló já ọ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, bá mi sọ fún ọmọ yẹn pé ara mi le." Kí wọ́n tó délẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ni ikọ́ dé, wọ́n sì di òpó ilẹ̀kùn mi mú títí tó fi rọlẹ̀.

Ara wọn kò le. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ikọ́ yẹn ti wà lára wọn láti ìgbà ọyẹ́, irú ti bàbá rẹ gan-an, èyí tó máa ń dà bíi pé ó ti lọ lówùúrọ̀, tó ń padà wá nírọ̀lẹ́. Agbádá tí mo rán fún wọn nígbà Iléyá ti ń yọ̀ kúrò léjìká wọn. Èmi ni mo wọ̀n wọ́n, mo mọ iye ara tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá lọ ya fọ́tò inú àyà báyìí, bóyá a óò bá a ní kékeré. Bí wọn kò bá lọ, ìwọ àti èmi ti mọ ọ̀nà tó ń gbà, a ti bá a rìn dé òpin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. O ní kí n bá ọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà. Mo ti lọ bá wọn. Ohun tí wọ́n sọ wà nísàlẹ̀ ìwé yìí, ṣùgbọ́n má ṣe fò lọ síbẹ̀. Kọ́kọ́ gba ìbáwí rẹ.

Èkíní, ìbéèrè àkọ́kọ́.

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ìbéèrè sìgá yẹn, òkò ni, ìwọ náà sì mọ bó ṣe ń dunni, torí wọ́n sọ ọ́ lù wá tẹ́lẹ̀. Dókítà béèrè. Ó dára, dókítà gbọ́dọ̀ béèrè, n kò bá a jà. Nọ́ọ̀sì béèrè. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù béèrè. Ọkùnrin tó ń ta omi lẹ́nu géètì béèrè. Ìyàwó ọ̀gbẹ́ni kan tó wá kí wa láti mọ́ṣáláṣí gbé ọsàn kalẹ̀, kò tíì jókòó, ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń fà á ni?" Mo máa ń wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń béèrè. Wọ́n fẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ẹni tó wá a ló rí i, pé kò lè dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Ìgbà tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, bàbá wa kò fi ẹnu kan sìgá rí láyé wọn, wọ́n á wò mí bí òpùrọ́.

Mo sì tún bínú sí apá kejì ọ̀rọ̀ náà, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ. Ẹni tó mu ún ńkọ́? Ṣé kó máa kú lọ? Ṣé o rántí bàbá arúgbó tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ, tó máa ń yíjú sí ògiri bí àlejò bá ti wọlé? Ìyẹn mu sìgá láti ìgbà èwe rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì kan máa ń kọjá, á ní, "Bàbá, ẹ ti rí i bó ṣe ṣe yín?" Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ gbé orí sókè níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ fi í sílẹ̀. Òun mu ún, èmi ò mu ún, ikọ́ kan náà là ń wú." Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá arúgbó náà ti ń kọjú sí wa. Wọ́n jọ ń jẹ ọsàn ni.

Nítorí náà, bí o bá dúró níwájú aláìsàn, kí i. Bi í bó ṣe sùn. Bi í ohun tó lè jẹ. Bi í ta ló tẹ̀ lé e wá, bóyá ẹni náà ti jẹun. Jẹ́ kí ti sìgá wà láàárín àwọn ìbéèrè mìíràn, bíi ti iṣẹ́ tó ń ṣe, bíi ti irú ààrò tí wọ́n fi ń dáná nílé rẹ̀. Béèrè rẹ̀ kí o lè mọ̀, má béèrè rẹ̀ kí o lè dájọ́.

Ti ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń lò ló tún kàn.

Ìwọ wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ìlaròó nígbà náà, o kò mọ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí dókítà fẹ́ sọ ohun tó rí, wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ni kó tẹ̀ lé aláìsàn wọlé. Àwọn ẹbí ní ọkùnrin ni kó jẹ́, Bàbá Làmídì ló wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní, "Ẹ̀dọ̀ ni. Wọ́n tún fi nǹkan kan tì í lẹ́yìn, fóró, fóró báyìí, n kò gbọ́ ìyẹn dáadáa."

Ó tán. Gbogbo ilé gbọ́ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn, ibà apọ́njú nìyẹn, ta ni kò mọ àgbo rẹ̀? Àwọn ìyá àgbà kó ewé dé. Wọ́n ní bàbá rẹ kò gbọdọ̀ fẹnu kan epo, kò gbọdọ̀ jẹ ẹran, kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin. Ẹni tí àìsàn ti ń jẹ lára, àwa náà bá a jẹ ẹ́. Èmi tí mo jókòó ní kíláàsì bàólójì, tí mo ya àwòrán inú ara ènìyàn tí tíṣà fi àmì rere sí i, èmi ni mo ń gún ewé náà, tí mo ń sẹ́ ẹ, tí mo ń gbé e fún wọn. Ó wá sí mi lọ́kàn pé ẹ̀dọ̀ kì í wú ikọ́. Mo béèrè nínú, n kò béèrè lẹ́nu, torí ìyàwó tuntun ni mí láàárín wọn, n kò fẹ́ kí wọ́n ní mo fi ìwé yájú sí àgbà. Má ṣe bíi tèmi, Kúdí. Ohun tí o bá rí tí kò bá ara mu, yálà lẹ́nu dókítà ni o, yálà lẹ́nu ọ̀gá rẹ ni, béèrè rẹ̀ síta lọ́jọ́ náà. Ìbọ̀wọ̀ tó ń pa aláìsàn kì í ṣe ìbọ̀wọ̀.

Ìyá Afúsá, ìbátan bàbá rẹ tó wà ní Kétu ní òdìkejì ibodè, tó ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn wọn lọ́hùn-ún, ló tú u fún wa lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀dọ̀ wo ló ń mú èèyàn wúkọ́? Níbo ló ń dùn wọ́n?"

Bàbá Làmídì ní, "Àyà ni."

"Ẹ̀dọ̀ wá gòkè dé àyà báwo, ṣé ó ń ṣe àbẹ̀wò ni? Pumọ́ọ̀ ni wọ́n sọ fún yín."

"Kí ni pumọ́ọ̀? Fi Faransé sílẹ̀, sọ Yorùbá sí mi."

"Fùkù. Fùkù tó wà láyà màlúù, tí ẹ máa ń ní kí alápatà bá yín gé kúrò."

Mo gbọ́ bí àgbo ṣe ń hó lórí iná.

Ní ìgbà tí a padà sí ilé ìwòsàn, mo lọ bá ọmọbìnrin kan tó ń bá àjọ kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe àjọ tìrẹ, ìyẹn ni mo ń dúpẹ́ lé lórí. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń bá àwọn ará oko sọ̀rọ̀, ẹ máa fi fùkù kún un kó lè yé wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Háà, Màmá, fùkù kọ́ o, ti ẹran nìyẹn. Ti èèyàn, ẹ̀dọ̀fóró là ń pè é." Mo ní ẹ̀yin lẹ ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ gbọ́, ó ti kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ìwọ, pè é ní ẹ̀dọ̀fóró níbi tó bá yẹ, kí o sì pè é ní fùkù fún ẹni tó mọ̀ ọ́n sí fùkù. Kò sí àbùkù nínú ọ̀rọ̀ tí aláìsàn gbọ́ tó yé e. Èyí tí kò yé e ni àbùkù.

Èyí tó kàn yìí ṣòro fún mi láti kọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù kan ni.

Àjọ ọmọbìnrin yẹn kan náà ló wá sí wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan, wọ́n pọ̀, wọ́n gbé kámẹ́rà. Wọ́n fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní báàgì kan, mílíìkì àti indómì wà níbẹ̀, ẹ̀wù funfun kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ nǹkan sí láyà. Wọ́n ní kí àwọn tó lè jókòó jókòó, wọ́n ya wọ́n ní fọ́tò pẹ̀lú báàgì náà, wọ́n sì lọ. Mo wà ní ibi tí wọ́n ti ń ra oògùn. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ká ẹ̀wù náà sínú báàgì, n kò tú u wò. Bàbá rẹ ka Kùránì já, ṣùgbọ́n wọn kò ka gẹ̀ẹ́sì, o mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí a padà sílé, ara wọn yá díẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ ẹ̀wù tuntun náà torí pé ó mọ́, ó sì fúyẹ́ lára wọn, wọ́n rọra rìn lọ kí àwọn ará àdúgbò. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó kọ́kọ́ wá bá mi ni ìyá kan tí mo ń rán aṣọ fún, ó mú mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìyàwó, a ò mọ̀ pé bàbá yín ń mu ún o. Ọlọ́run ṣeun tí wọ́n ti jáwọ́." N kò mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tí mo délé, bàbá rẹ jókòó sórí àga, wọ́n ní, "Kí ló wà láyà ẹ̀wù yìí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kà tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu?"

Mo kà á. Mo kà á ní gẹ̀ẹ́sì, mo wá túmọ̀ rẹ̀: Mo ti fi sìgá sílẹ̀, ìwọ ńkọ́?

Wọ́n bọ́ ọ. Wọ́n ká a dáadáa bí ẹni pé aṣọ ẹlòmíràn ni, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n ní, "Ibi tó ń dùn mí gan-an ni wọ́n kọ irọ́ sí."

Wọn kò jáde mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí wọ́n kú, tí a ń sin wọ́n, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri, ẹnì kan ń sọ fún ẹnì kejì pé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń fà á lóko. Bàbá Làmídì náà gbọ́ ọ. Ṣé o ti wá mọ ìdí tí wọ́n fi já ọ sílẹ̀ báyìí? Wọ́n rí ohun tí ayé fi ẹ̀gbọ́n wọn ṣe, ìwọ tún gbé ìbéèrè kan náà dé láti Abẹ́òkúta, pẹ̀lú ohùn ọmọ wọn. Wọn kì í bẹ̀rù jẹjẹrẹ tó bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù kí àwọn èèyàn fi irọ́ sin wọ́n.

Bí àjọ tìrẹ bá ní irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, sun ún. Bí wọ́n bá ní kí o ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gba ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ tán, kó lè ráyè sọ pé rárá. Ẹni tí ebi ń pa kì í lè kọ fọ́tò, o mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ìrànlọ́wọ́ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Indómì dára. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará àjọ yẹn bá bi wá pé kí la fẹ́, n kò ní sọ indómì. Mo fẹ́ oògùn tí yóò jẹ́ kí bàbá rẹ sùn láìkérora. Mo fẹ́ ibi tí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀, tó sàn ju ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà kọjá. Mo sì fẹ́ ọkọ̀ tí wọn kò ní dá dúró, torí láti ìgbà tí wọ́n ti ti bodè yìí, ìwọ náà mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Nígbà tí a ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan, ibi tí wọ́n ti dá wa dúró pọ̀ débi pé bàbá rẹ kò gbé orí sókè mọ́. Kọ́sítọ́ọ̀mù kan gba àpò ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ọwọ́ mi. Ó ní kí ló wà níbẹ̀. Mo ní fọ́tò àyà ni. Ó ní, "Àyà ta?" Mo nawọ́ sí bàbá rẹ. Kò gbà, ó fà á yọ, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ń wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ìrẹsì ló ń wá nínú àyà ọkọ mi.

Nígbà tí ikú dé, àwọn ẹbí wa ní Kétu, tó jẹ́ pé wọ́n máa ń fi ọ̀kadà wá jẹ saarà ọ̀sán tí wọ́n á sì padà kó tó di àṣálẹ́, ọ̀nà igbó ni wọ́n gbà. Ìyá Afúsá dé pẹ̀lú ẹ̀gún lára ìró rẹ̀. Ó ní, "Àwọn yòókù ń fi fàyàwọ́ kó epo, èmi fi kó ẹkún wọlé." A rẹ́rìn-ín, òkú wà nílẹ̀. Nítorí náà, sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé aláìsàn tó wá láti ẹ̀bá ibodè kò jọ ti Abẹ́òkúta. Ojú ọ̀nà ti pa á dé ìdajì kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ó ku ti ìwádìí, ibẹ̀ sì ni ìbínú mi ti pọ̀ jù.

Ẹnì kan wá sí wọ́ọ̀dù náà, ó ní ìwádìí ni òun ń ṣe. Ó gba ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ, ó bi wọ́n ní ìbéèrè, ó dúpẹ́ gan-an. A kò rí i mọ́. Bóyá ó rí nǹkan, bóyá kò rí nǹkan, àwa tí a ni ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́. Ta ló ń lọ sí oko ẹlòmíràn, tó ń wa iṣu rẹ̀, tí kò ní sọ fún un bóyá ó jinná? Bí àjọ yín bá ń ti ìwádìí lẹ́yìn, kí ẹ fi èyí ṣe àkọ́kọ́: ẹni tó bá gba nǹkan lára wa, kó padà wá sọ ohun tó rí, kódà kó jẹ́ pé kò rí nǹkan kan. A ó gbọ́. A kì í ṣe òmùgọ̀.

Èkejì rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó bi bàbá rẹ ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ wọn. Èédú ni wọ́n ń sun lọ́nà Afọ̀n láti ìgbà tí irùngbọ̀n wọn ti ń hù. Wọ́n á to igi jọ, wọ́n á fi koríko àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n á dáná sí i lábẹ́, wọ́n á máa ṣọ́ ọ kó má baà gbiná. Èéfín rẹ̀ ni wọ́n ń mí. Bí wọ́n bá dé, mo máa ń fọ aṣọ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Àwa obìnrin náà ńkọ́, tí a ń forí sínú èéfín igi láàárọ̀ lálẹ́? N kò sọ pé èéfín ló pa bàbá rẹ. N kò mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó yẹ kó mọ̀ kò tíì bi wá. Wọ́n ti rí ìdáhùn tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó kúrò nílé. Nígbà tí ìwọ àti àwọn ọ̀gá rẹ bá dé iwájú àwọn tó ń pín owó ìjọba, má sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ. Sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sun èédú láti Afọ̀n dé Ìmẹ̀kọ, pé ohun ìdáná àwọn ará ìlú ńlá ni wọ́n ń bá wọn sun, àti pé ó tọ́ kí ẹnì kan wá gbọ́ ohùn àyà wọn.

Báyìí, ti Bàbá Làmídì.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá wọn lóko láàárọ̀ yìí. Wọ́n jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń ṣọ́ òkìtì kan tó ti ń jó lábẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló rán ọ, Ìyàwó? Ìwọ fúnra rẹ ni, àbí ọmọ aláàfíìsì yẹn?"

Mo ní, "Èmi fúnra mi ni. Mo wá wo bí aṣọ mi ṣe rí lára yín."

"Aṣọ rẹ fẹ̀ jù. Ìgékúgèé lo gé e."

"Tépù mi kì í purọ́, Bàbá Kékeré. Ẹ̀yin lẹ kúrò nínú aṣọ."

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Nígbà tó tán, wọn kò wojú mi. Wọ́n ní, "Wọ́n ní èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Tèmi ń rú nìyí, gbogbo ayé ń rí i láti títì. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè rẹ̀ rí. Èyí tí n kò mu ni wọ́n ń bi mí."

Mo sún mọ́ wọn. Mo kàn ní, "Bí wọ́n bá béèrè, ẹ ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣe ojú wọn bí wọ́n bá fẹ́. Ojú tí wọ́n ń ṣe kò lè pa yín. Ohun tó wà láyà yín lè pa yín. Ẹ má ṣe kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ kò dá."

Wọ́n mú igi, wọ́n fi ti iyẹ̀pẹ̀ padà síbi tó ti ń là. Mo ti dìde, mo ti ń pe ọlọ́kadà, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Fọ́tò inú àyà yẹn, ṣé ó máa ń dunni?"

Kúdí, ẹni tí kò ní lọ kì í béèrè bóyá ó máa dun òun. Wá ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ìwọ fúnra rẹ, má rán ẹnikẹ́ni. Kúnlẹ̀ kí wọn lóko níbẹ̀, nínú èéfín náà, kí o sì jókòó tì wọ́n nínú ọkọ̀ títí dé Abẹ́òkúta, níbi tí wọn yóò ti ya fọ́tò náà. Mo ti dá wọn lóhùn pé kò ní dùn wọ́n. Má sọ mí di òpùrọ́.

Èmi ni,
Ìyá Kékeré rẹ.